Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Àìsàn? Owó Dókítà láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀

Láti Marine Road ní Àpápá dé Boundary, níbi tí Ajégúnlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò jìnnà rárá, bí àwọn ọkọ̀ àjàgbé bá gbà fún èèyàn kọjá. Síbẹ̀, ní àyè tó há tó bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀nà kan tí ọmọ aráyé ń gbà sanwó fún dókítà tí ẹ kò ní bá pàdé. Dókítà kan wà tó ń gba owó lọ́wọ́ aláìsàn kí ó tó fọwọ́ kàn án. Òmíràn wà tí ìjọba ń san owó oṣù fún, ìbáà rí ogún èèyàn lóòjọ́, ìbáà rí ọgọ́rin. Òmíràn ń gba owó tirẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó wà létí omi, kò sì bá òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú sọ̀rọ̀ owó rí. Òmíràn sì tún wà tí owó ń wọlé fún lóṣooṣù lórí àwọn èèyàn tí ara wọn le koko, tí wọn kò tilẹ̀ yọjú sí i lóṣù náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù, òun ni mo sì fẹ́ ká pẹ́ lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ìyá kan gbé ọmọ tí ibà ń ṣe wọ ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ajégúnlẹ̀. "Màmá, ẹ lọ gba káàdì ná," ni nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ sọ. Owó káàdì yàtọ̀, owó kí dókítà rí ọmọ yàtọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní iye tirẹ̀, abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, oògùn ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá wá dá ọmọ dúró, owó bẹ́ẹ̀dì àti ti omi tí wọ́n fà sí i lára yóò tún gun orí ìyẹn. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, owó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yìí ní ire tirẹ̀. Dókítà tó mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun bá ṣe lòun yóò jẹ kì í sùn sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn lóru, yóò dìde. Owó yìí kan náà ló sì ń rọ̀ ọ́ pé kí ó fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ níbi tí oògùn oníhóró ti tó, kí ó fa omi sí ẹni tó lè fẹnu mu omi, kí ó fi àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù kún ti ibà. Kì í ṣe pé dókítà náà burú. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún nítorí pé ó ń ṣe nǹkan, yóò máa wá nǹkan ṣe ni.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ni àsìkò. Ọjọ́ tí owó ṣọ̀wọ́n jù lọ́wọ́ èèyàn gan-an ni wọ́n ń béèrè rẹ̀: ọjọ́ tí ìyá kò lè lọ sọ́jà, ọjọ́ tí bàbá kò lè gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá jáde. Nínú gbogbo owó tí wọ́n ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó ju 70 lọ nínú 100 tó ń jáde láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ ní abala 20 rẹ̀ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ó sì fi owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà tì í lẹ́yìn. Dìpọ́sítì tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó tọ́jú èèyàn kò torí ìyẹn kásẹ̀ nílẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni ń ra dísẹ́ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀, ó ń san owó ilé, bí aláìsàn bá sì gbẹ̀yìn jáde lọ láìsanwó, kò sẹ́ni tí yóò san án padà fún un.

Àwọn àgbà tó ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé, kò parọ́. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé kí oníṣègùn má gbowó. Ohun tí àríyànjiyàn wà lé lórí ni ìgbà tí ó yẹ ká san án, ohun tí ó yẹ ká kà á lé, àti pé bí àìsàn bá le ju bí a ti rò lọ, orí ta ni àdánù rẹ̀ yóò já lé? Ní tèmi, ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló tó gbogbo rẹ̀. Lábẹ́ owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, aláìsàn ló ru ẹrù náà tán. Gbogbo ọ̀nà yòókù kàn ń gbé e lé ẹlòmíràn lórí ni, yálà ìjọba, ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera tí à ń pè ní HMO, tàbí dókítà fúnra rẹ̀. Ẹrù kì í fúyẹ́ nítorí pé ó kúrò lórí Àìná bọ́ sórí Òjó. Ẹni tó bá sì bọ́ sórí rẹ̀ yóò máa wá bí òun yóò ṣe sọ díẹ̀ kalẹ̀.

Ìjọba ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ní General Hospital Ajéròmí ní Ajégúnlẹ̀, àti ní General Hospital Àpápá, owó oṣù ni dókítà ń gbà. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Nígbà tí Alhaji Lateef Jákàǹdè di gómìnà Èkó ní 1979, ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN fi gbajúmọ̀. Lẹ́yìn 1999, Èkó tún dá apá kan rẹ̀ padà fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 àti àwọn àgbà tó ti lé ní 60. Kò sì bí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ṣe lè dúró àfi kí dókítà jẹ́ ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ti ọwọ́ aláìsàn wá.

Owó oṣù gba dókítà lọ́wọ́ ìdẹwò kan, ó sì fà á lé òmíràn lọ́wọ́. Kò ní ìdí kankan tí yóò fi fa omi sí ẹni tí kò nílò rẹ̀. Kò sì ní ìdí kankan tí yóò fi sáré. Aláìsàn ogójì kò fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀, àárẹ̀ nìkan ló fi kún un. Ibi tí ìlà ti ń gùn nìyẹn. Obìnrin tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Boundary, tó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ti sanwó, bí wọn kò tilẹ̀ já rìsíìtì fún un: ọjà tí kò rí tà lọ́jọ́ náà ló fi san án. Ìjọba tó gba ẹrù yìí a sì máa jù ú sílẹ̀ nígbà mìíràn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá lé dókítà 788 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n gùn lé lórí ìlànà owó oṣù tí à ń pè ní CONMESS. Wọ́n padà gbà wọ́n sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ní Ajégúnlẹ̀ tún ti padà sórí "owó dà?" ní ilé ìwòsàn aládàáni. Ní báyìí tí àwọn dókítà ń jápa lọ sílùú Ọba àti Saudi, àwọn tó kù ń gba owó oṣù ẹnì kan, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì.

Ní Àpápá, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Ìlú èbúté ni, ìlú ilé iṣẹ́ ni: àwọn tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó ń lọ àlìkámà ní Flour Mills, àwọn tó wà ní ibùdó epo àti ilé ìkẹ́rùsí. Kò sí ọ̀gá tó fẹ́ kí òṣìṣẹ́ òun dùbúlẹ̀ pẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní ríténà. Ilé iṣẹ́ yóò bá ilé ìwòsàn kan ṣàdéhùn, yóò fi orúkọ òṣìṣẹ́ àti ti ẹbí wọn ránṣẹ́, òṣìṣẹ́ yóò máa lọ gbàtọ́jú láìtọwọ́ bàpò, ilé ìwòsàn yóò sì kó bíìlì jọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì lópin oṣù. Ẹrù ti kúrò lórí òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: bíìlì tó ń bọ̀ lópin oṣù yẹn, owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan náà ni, ẹni tó ń san án nìkan ló yí padà. Dókítà ṣì ń jèrè bí oògùn bá pọ̀, òṣìṣẹ́ kò sì ní ìdí láti kọ̀ ọ́, nítorí kì í ṣe àpò rẹ̀. Bí ọmọ àbúrò ìyàwó tó wá lo ìsinmi bá gba oògùn ibà lórí orúkọ ọmọ òṣìṣẹ́, ta ni yóò mọ̀? Akọ̀wé owó nìkan ló ń rí bí bíìlì ṣe ń ga sí i.

Àpápá yìí náà ni ọ̀kan lára àwọn ìdáhùn ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Elebute, gbajúgbajà oníṣẹ́ abẹ, àti ìyàwó rẹ̀ ṣí Lagoon Hospital ní Àpápá ní 1986 lábẹ́ ilé iṣẹ́ wọn, Hygeia. Láti ara Hygeia yìí ni ọ̀kan nínú àwọn HMO àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti jáde. Iṣẹ́ HMO ni láti gba owó ṣáájú àìsàn: iye kan lórí èèyàn kan fún ọdún kan. Bí ọdún náà bá rọrùn, HMO jèrè. Bí àìsàn bá pọ̀, HMO gbé gbèsè. Ilé iṣẹ́ tó ti ń bẹ̀rù bíìlì òpin oṣù wá mọ iye tí òun yóò san kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi fi ríténà sílẹ̀ tí wọ́n sì sá tọ HMO lọ.

Kì í ṣe Àpápá nìkan ni àwọn òṣìṣẹ́ ibi iṣẹ́ ńlá ti kọ́ àwọn dókítà ní ọgbọ́n yìí. Ní 1933, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Sidney Garfield lọ ṣí ilé ìwòsàn kékeré sínú aṣálẹ̀ Mojave ní California, nítòsí ibi tí nǹkan bíi 5,000 òṣìṣẹ́ ti ń gbẹ́ ọ̀nà omi láti odò Colorado lọ sí Los Angeles. Owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di onígbèsè, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò máa ń fi owó falẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn kò sì ní ìbánigbófò rárá. Ni wọ́n bá fẹnu kò pé kí wọ́n máa san sẹ́ńtì márùn-ún lóòjọ́ lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣáájú, ì báà ṣàìsàn, ì báà má ṣàìsàn. Àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀ ní kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Garfield fi ń rìn kiri ibi iṣẹ́, tó ń sọ pé kí wọ́n kan ìṣó tó yọrí lára pákó mọ́lẹ̀. Ìṣó tó ń gún òṣìṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ti jẹ́ owó tó ń wọlé fún un tẹ́lẹ̀. Ó ti wá di owó tó ń jáde. Láti ibẹ̀ ni òun àti oníṣòwò tó ń jẹ́ Henry Kaiser ti gbé ọgbọ́n náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Richmond nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n sì ṣí i fún gbogbo aráàlú ní 1945. Kaiser Permanente ni wọ́n ń pè é lónìí.

Ohun tí Garfield ṣe yẹn ni àwọn dókítà wa ń pè ní kapitéṣọ̀n, owó olóríjorí. Ètò ìlera àpapọ̀ tí à ń pè ní NHIS tẹ́lẹ̀, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1999 tí iṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ló gbé e wọ ilé ìwòsàn púpọ̀ ní Nàìjíríà. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò yan ilé ìwòsàn kan, ilé ìwòsàn yẹn yóò sì máa gba iye kan náà lórí orúkọ rẹ̀ lóṣooṣù, ṣáájú, bóyá ó wá tàbí kò wá. Nínú owó yẹn ni wọn yóò ti tọ́jú ibà rẹ̀, ọgbẹ́ rẹ̀, ikọ́ ọmọ rẹ̀. Nínú owó oògùn, òun fúnra rẹ̀ yóò san 10 nínú 100. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára ilé ìwòsàn náà lọ, wọn yóò gba kóòdù lọ́wọ́ HMO, wọn yóò sì darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn tó ga ju tiwọn lọ. Ilé ìwòsàn kejì yìí kì í gba owó olóríjorí. Owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbà lọ́wọ́ HMO. Ẹ rántí èyí, a óò padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé ìwòsàn kan ní Olódì-Àpápá ní èèyàn 200 lórí ìwé rẹ̀, tí owó olóríjorí sì jẹ́ ₦1,450 lóṣù. ₦290,000 ló wọlé. Bí ibà líle bá gbé ọmọ bíi mélòó kan dé lọ́sẹ̀ kan náà, owó náà ti tán, owó nọ́ọ̀sì kò sì tíì jáde. Ká wá ní èèyàn 5,000 ló wà lórí ìwé. ₦7,250,000 nìyẹn, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní yọjú lóṣù náà. Ohun tó bá oṣù ẹnì kan jẹ́, oṣù ẹlòmíràn tó dára yóò dí i. Owó olóríjorí ti gbé ẹrù lé dókítà lórí, orí tó bá kéré kò sì lè ru ú. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni kò ju yàrá bíi mẹ́fà lọ nínú ilé alájà kan, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ẹni tó ru ẹrù wá ń wá ọ̀nà àtisọ̀ ọ́. Ẹ bi àwọn tó ní káàdì NHIS. Wọn yóò sọ fún yín pé àwọn tó ń sanwó lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lóhùn, pé oògùn tó wọ́n kì í sí nílé, pé parasitamọ́ọ̀ kò wọ́n wọn rí. Owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fa omi sí ẹni tí kò nílò rẹ̀. Owó olóríjorí lè máa dá ìtọ́jú dúró di ìgbà tí ó bá pọn dandan gan-an. Bí èèyàn bá bi mí léèrè èyí tó burú jù, màá ní ó sinmi lé ohun kan: ṣé aláìsàn lè kó orúkọ rẹ̀ kúrò? Ètò náà fi àyè sílẹ̀ fún un láti pààrọ̀ ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀, àwọn tó mọ̀ ń sọ pé ìwé rẹ̀ pọ̀ jù. Ìyẹn sì nìkan ni ohun tó lè ba dókítà olóríjorí lẹ́rù, nítorí pé orúkọ tó bá lọ, owó rẹ̀ lóṣooṣù ló bá a lọ.

Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, irú ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi ń sanwó fún dókítà àdúgbò rẹ̀. Òfin ọdún 1911 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, ètò ìlera NHS tiwọn sì gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn ní 1948. Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ ká mú. Lọ́hùn-ún, orí kò dọ́gba: bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún àti ọmọ ọwọ́ ń mú owó tó pọ̀ wọlé ju ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 25 lọ, nítorí àwọn ló máa ń wá jù. Lábẹ́ ètò tiwa, iye kan náà ni lórí ọmọ àti lórí àgbà. Ẹ wá ro ti dókítà tí ìwé rẹ̀ kún fún àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì.

Iye náà gan-an tún ní ìtàn tirẹ̀. ₦550 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bíi 2012 ó di ₦750, ibẹ̀ ló sì dúró sí fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Ní 2012 yẹn, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦160, nítorí náà ₦750 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là márùn-ún. Ní 2025, NHIA, tó rọ́pò NHIS, kéde pé àwọn ti fi 93 nínú 100 kún un, ó sì di ₦1,450. Dọ́là ti lé ní ₦1,500 nígbà náà. Owó orí èèyàn kan fún oṣù kan gbáko kò pé dọ́là kan mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi kún un. Nínú ìkéde kan náà, wọ́n fi 378 nínú 100 kún owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé ó yẹ kí ilé ìwòsàn ńlá rí owó tó tọ́. Àmọ́ ẹ rántí bí wọ́n ṣe pín in: dókítà àkọ́kọ́ ń gba owó olóríjorí, èkejì ń gba owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi díẹ̀ kún ti àkọ́kọ́ tí ẹ sì fi rẹpẹtẹ kún ti èkejì, kí ni ẹ ń sọ fún dókítà àkọ́kọ́? Pé kí ó tètè kọ ìwé, kí ó darí aláìsàn síwájú. Ibà tí wọn ì bá wò sàn ní Wilmer, ní Olódì-Àpápá, yóò di ohun tí wọ́n gbé kọjá afárá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ghana ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ owó olóríjorí ní agbègbè Ashanti láti fi dán an wò, nítorí pé bíìlì tí àwọn ilé ìwòsàn ń kó wá ń ga sí i lọ́dọọdún. Àwọn dókítà ní iye náà kéré. Àwọn aráàlú ní èéṣe tó fi jẹ́ àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dánwò, nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ alátakò ni Ashanti ń dìbò fún? Ohun tó jẹ́ ìṣirò owó di ọ̀rọ̀ ìṣèlú pátápátá. Nígbà tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ alátakò yẹn ní 2017, wọ́n dá a dúró.

Èkó ń gbìyànjú tirẹ̀ báyìí. Òfin tó dá LASHMA, àjọ tó ń bójú tó ìbánigbófò ìlera ní Èkó, sílẹ̀ jáde ní 2015, wọ́n sì ṣí ètò tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìlera Èkó ní oṣù Kejìlá 2018. ₦8,500 lọ́dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún ẹnì kan, ₦40,000 fún bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Owó olóríjorí ni ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ń gbà, ìjọba sì ní láti yọ ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò lè san án. Lórí ìwé, ohun tó yẹ Ajégúnlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyí.

Ní títì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn Ajégúnlẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi owó pamọ́ ṣáájú wàhálà. Alájọ ń kọjá lójoojúmọ́, ó ń fa ìlà sínú káàdì. Ṣùgbọ́n nínú àjọ, ohun tí o bá dá lo máa kó lópin oṣù, bí a bá yọ ti alájọ. Owó Ìlera Èkó kò rí bẹ́ẹ̀: bí ara rẹ bá le jálẹ̀ ọdún, owó rẹ ti lọ sórí ẹlòmíràn, o kò sì ní rí i mọ́. Ẹni tó ń dá àjọ láti ogún ọdún á béèrè pé irú àjọ wo nìyí tí wọn kì í kó. Àwọn tó tètè máa ń forúkọ sílẹ̀ wá ni aboyún, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyá ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn tí ara wọn le ní àwọn yóò máa wò ó ná. Bí àwọn aláìsàn nìkan bá wà lórí ìwé, kò sí iye owó olóríjorí tó lè tó dókítà. Ìdí tí òfin NHIA ti 2022 fi sọ ìforúkọsílẹ̀ di dandan nìyẹn, tí Gómìnà Sanwó-Olú sì fọwọ́ sí àṣẹ tirẹ̀ ní oṣù Keje 2024 láti mú un ṣẹ ní Èkó. Dandan rọrùn fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n lè yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó oṣù. Ta ni yóò yọ ti ẹni tó ń ta póòsì omi?

Ẹgbẹ́ ni mo rò pé ó lè ṣe é, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ajégúnlẹ̀ kún fún ẹgbẹ́: ẹgbẹ́ ọjà, ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Ìlàjẹ, Urhobo, Ìjọ̀, Ìgbò, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ní àárín àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ àkànṣe BASICS tí Amẹ́ríkà ń náwó lé so irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn aládàáni fún ìlera ọmọdé ní àwọn àdúgbò bíi mélòó kan ní Èkó, Ajégúnlẹ̀ sì wà lára wọn. Ní 2008, ìjọba Èkó dán ètò ìlera alájọṣe wò ní Ìkòsí-Ìṣẹrì. Ẹgbẹ́ tó bá kó gbogbo ọmọ rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ti kó aláìsàn àti ẹni tó le pọ̀, ó sì ti fún ilé ìwòsàn ní orí tó fẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣẹ́ kù tí àwọn onímọ̀ fẹ́ràn: kí owó máa tẹ̀lé àṣeyọrí. Ní ìparí 2011, Báńkì Àgbáyé gbé e wọ Oǹdó East ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti Adamawa àti Nasarawa. Nígbà náà, wọ́n ń ka iye ìyá tó bímọ ní ilé ìlera, iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ń yẹ ìwé wò bóyá òótọ́ ni, wọ́n sì ń sanwó lórí rẹ̀. Apá kan a máa lọ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ gbèrú. Ṣùgbọ́n wọ́n fún àwọn ilé ìlera mìíràn ní nǹkan bí ìdajì owó yẹn láìka nǹkan kan, kí wọ́n kàn máa ná an bó ṣe yẹ, tiwọn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dára tó ti àwọn àkọ́kọ́. Ohun tí mo rí nínú ìyẹn ni pé kí owó kàn dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó nílò ìbọ̀wọ́ àti kẹrosíìnì jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣètò owó ní Abújà kì í fẹ́ gbọ́ èyí, nítorí kò nílò ìṣirò tó gùn.

Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tó kan dókítà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn Ajégúnlẹ̀ ń lọ bá ní tòótọ́, ìyẹn ẹni tó ń ta kẹ́mísì. Kì í béèrè káàdì, kò nílò kóòdù HMO, ó ń ta hóró oògùn méjì fún ẹni tó ní owó hóró méjì, ó sì máa ń ṣí di alẹ́ pátápátá. Owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà kéré débi pé kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti sanwó Ìlera Èkó ní oṣù Kìíní ṣì ń dúró níwájú rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, nítorí ilé ìwòsàn tí orúkọ rẹ̀ wà ti tilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin. Oṣù náà ń lọ, owó orí ọmọ yẹn sì ti dé ọwọ́ ilé ìwòsàn náà láìsí pé ó tọ́jú ẹnikẹ́ni.